Bí kọ̀ǹpútà orí tábìlì bá kọ̀ tí kò tàn: ẹ tẹ̀lé ọ̀nà iná láti ara ògiri

Ẹ tẹ bọ́tìnì, ó dún "kọ́", kò sì sí ohun tó tẹ̀lé e. Fáànù kò yí, iná kankan kò tàn lójú rẹ̀. Ẹ tún un tẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di ìgbà kẹwàá, ọkàn yín á ti wà lórí iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀: ìwé akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ fi sílẹ̀ lọ́la, àkọsílẹ̀ àwọn tó jẹ gbèsè, fọ́tò ìgbéyàwó. Bí ọ̀pọ̀ ṣe ń gbé casing (àpótí kọ̀ǹpútà) sáyà lórí ọ̀kadà wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe wa ní Aràkálẹ̀, Àkúrẹ́, nìyẹn, ohun tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé motherboard ló ti kú ni?"

Motherboard ni pátákó ńlá inú casing tí gbogbo ẹ̀yà ìyókù so mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, òun kọ́ ló kú. Ọ̀nà kan ni iná ń gbà wọ kọ̀ǹpútà: ó kúrò lára ògiri, ó gba inú fíyúsì tó wà nínú plug kọjá, ó dé ẹ̀yìn power pack (àpótí irin inú casing tó ń sọ iná ilé di irú tí kọ̀ǹpútà ń lò), power pack gbé e fún motherboard, motherboard wá ń dúró de bọ́tìnì. Bí ẹ bá tọ ọ̀nà yìí níbùdó níbùdó, tí ẹ kò fo ọ̀kankan, ibi tó ti já kò ní fara pamọ́ fún yín. Ẹni tó bá fo ibùdó kan ló máa ń náwó lórí ohun tí kò bàjẹ́, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá rí i.

Irú "kò tàn" wo ni?

Oríṣi mẹ́ta ló wà. Ọ̀kan dákẹ́ rọ́rọ́, bí ẹni pé ẹ kò fi sí iná rárá. Èkejì máa ń ta kìjí: fáànù á yí fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan, á dúró, nígbà mìíràn á tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀kẹta ń tàn ní tirẹ̀, fáànù ń yí, ojú mọ́nítọ̀ nìkan ló ṣókùnkùn.

Ẹ̀kẹta yìí kì í ṣe àìsàn tí a ń sọ níbí. Ẹ wo wáyà mọ́nítọ̀, ẹ pa kọ̀ǹpútà náà, ẹ yọ wáyà iná rẹ̀, ẹ ṣí i, ẹ yọ RAM rẹ̀ (pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó jẹ́ ìrántí kọ̀ǹpútà), ẹ fi írésà àwọn ọmọ iléèwé nu ẹnu rẹ̀ tó ń dán bíi wúrà, ẹ gbọn ẹ̀ẹ́rí írésà náà dànù, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà títí yóò fi dún. Ìyẹn ti yanjú èyí tó pọ̀ nínú wọn. Méjì àkọ́kọ́ ni ìyókù ọ̀rọ̀ yìí wà fún.

Ara ògiri

Ẹ má fi ṣájà fóònù dán sọ́kẹ́ẹ̀tì wò. Ṣájà máa tàn yín jẹ. Ẹ wo ara rẹ̀: wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé 100 sí 240 V ló ń lò. Iná tó ti rẹ̀ wá sí 140 V lálẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò ń fa á, á ṣì máa wọ fóònù yín. Ṣùgbọ́n power pack tí wọ́n ṣe fún 230 V nìkan kì í fẹ́ kí iná wá sílẹ̀ ju nǹkan bíi 180 V lọ. Bí kò bá rí i, kò ní dá yín lóhùn. Fáànù ilé ló máa sọ òótọ́ fún yín. Bí ó bá ń yí bí ẹni tó ń ronú, ẹ dúró kí iná gbára. Gílóòbù LED kò ṣeé fi wọ̀n ọ́n, nítorí òun náà lè máa tàn dáadáa lórí iná tó rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ gbogbo alágbàtà kúrò láàárín: extension, stabilizer, UPS (àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró nígbà tí iná bá lọ). Ẹ fi kọ̀ǹpútà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri tààrà. UPS ni mo máa ń fura sí jù nínú wọn. Bátìrì inú àwọn kékeré sábà máa ń jẹ́ 12 V, 7 Ah, kì í sì pẹ́ púpọ̀ ju ọdún mẹ́ta lọ kó tó gbẹ, pàápàá níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́. Bí bátìrì náà bá gbẹ tán, àwọn UPS mìíràn kì í gba iná kọjá mọ́, bí iná tilẹ̀ wà lára ògiri.

Ó kan wáyà fúnra rẹ̀. Wáyà tó ń gbé iná lọ sínú mọ́nítọ̀ sábà máa ń jẹ́ irú kan náà pẹ̀lú ti kọ̀ǹpútà. Ẹ pààrọ̀ wọn. Bí kọ̀ǹpútà bá tàn, tí mọ́nítọ̀ wá kú, ẹ ti rí ọ̀daràn. Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ ṣí ojú plug ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà, ẹ yọ fíyúsì kékeré inú rẹ̀, kí ẹ fi tuntun tó ní iye ampere kan náà rọ́pò rẹ̀. Ẹ má fi bébà sìgá tàbí wáyà bàbà wé e. Iṣẹ́ fíyúsì ni kó jó kí wáyà má baà jó, ilé sì wà lẹ́yìn wáyà.

Ẹ̀yìn power pack

Súìṣì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ I àti O sí. O túmọ̀ sí pé wọ́n ti pa á. Ọmọ tó ń gbálẹ̀ lè fi ìgbálẹ̀ kàn án. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí I.

Súìṣì pupa kékeré tó wà nítòsí rẹ̀ ni kí ẹ fi ojú gidi wò. Kì í ṣe gbogbo power pack ló ní i, ṣùgbọ́n nínú tòkunbọ̀ àtijọ́, ó wọ́pọ̀. 115 wà ní apá kan, 230 ní apá kejì. Ní Amẹ́ríkà, iná ilé wọn jẹ́ 120 V, nítorí náà 115 ni súìṣì náà máa ń wà nígbà tí ẹrù bá ti ọ̀hún dé. Tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ 230 V. Bí ẹ bá fi èyí tó wà lórí 115 síná wa, á bú bí ìbọn. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo dúró ti ọ̀kan nígbà tí wọ́n tan án. Èéfín funfun yọ láti ẹ̀yìn rẹ̀, òórùn bí ìgbà tí irun bá jó sì wà nínú ṣọ́ọ̀bù títí di alẹ́. Láti ọjọ́ náà, n kì í fi tòkunbọ̀ kankan síná láìyí i padà kí n wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí tiyín bá ti bú báyìí, ẹ má sọ̀rètí nù: power pack nìkan ló sábà máa ń bá a lọ, motherboard lè wà láàyè.

Ẹ jẹ́ kó mí

Ẹ yọ wáyà iná kúrò lẹ́yìn rẹ̀ pátápátá. Ẹ tẹ bọ́tìnì, ẹ má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ dá wáyà padà, kí ẹ tún un tẹ̀. Àwọn kan á rò pé àdúrà ni mo ń ní kí ẹ gbà, ṣùgbọ́n ìdí wà fún un. Nígbà tí iná bá dé lójijì pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù, power pack máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀ láti gba ara rẹ̀ là, ìwọ̀nba iná tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ kì í sì jẹ́ kó ṣílẹ̀kùn náà. Bí ìyẹn bá gbẹ tán, ó lè jí. Èyí ló tan kọ̀ǹpútà fún ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́yìn àrá inú oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ní Àkúrẹ́.

Ẹ ṣí i

Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà iná. Ẹ fọwọ́ kan irin casing níbi tí kò ní ọ̀dà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí ara gbẹ, tí aṣọ ń ta páráparà. Iná kékeré tó ń ta lára aṣọ náà tó láti pa RAM.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ wò ó dáadáa. Mo ti bá ẹyin ọmọnílé nínú power pack, mo ti bá aáyán tó gbẹ sórí motherboard, mo ti bá ilé èèrà lábẹ́ fáànù. Eruku Àkúrẹ́ nígbà ọyẹ́ máa ń wọ inú rẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Bí òjò bá wá dé, eruku náà á fa omi mọ́ra, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iná lọ síbi tí kò yẹ. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a kúrò. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ fi ìka di fáànù mú kó má baà yí bí ẹ ṣe ń fẹ́ ẹ. Ẹ má lo aṣọ tútù.

Ẹ wo àwọn capacitor, àwọn ohun kékeré tó rí bí agolo mílíìkì tí wọ́n tò sórí motherboard. Orí wọn yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ọ̀kan bá wú bí ẹni tó di ẹnu, tàbí tí ohun aláwọ̀ kọfí ń ṣàn lára rẹ̀, ó ti bàjẹ́. Ó wọ́pọ̀ gan-an nínú àwọn motherboard tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2000 sí 2007. Ẹni tó mọ sódà ṣe lè pààrọ̀ wọn, iṣẹ́ náà kò sì wọ́n.

Ẹ wá dá wáyà iná padà, láìtẹ bọ́tìnì, kí ẹ wo ara motherboard. Ọ̀pọ̀ wọn ní iná kékeré kan tó máa ń tàn nígbàkígbà tí iná bá ti wọlé. Ìyẹn ni pé power pack ń fún un ní 5 V ìdúródè, tó ń ṣọ́nà de bọ́tìnì. Bí iná yẹn bá tàn, ẹ̀yin ti mọ̀ pé láti ara ògiri dé inú motherboard, ọ̀nà là. Ìfura yín á kúrò lórí wáyà, á bọ́ sórí bọ́tìnì. Bí kò bá tàn, tí ẹ sì mọ̀ pé ó máa ń tàn tẹ́lẹ̀, power pack ló ni ẹjọ́.

Bọ́tìnì fúnra rẹ̀

Ní ibùdó yìí ni mo fẹ́ dúró pẹ́ jù, nítorí òun ni àwọn èèyàn ń fò.

Ìyá kan tó ní business centre lẹ́bàá South Gate FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wá nígbà kan. Wọ́n ti sọ fún un níbì kan pé motherboard ti jó, owó tí wọ́n bù lé e sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó odidi kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀. Ojú wọn ti rẹ̀. Mo ní, "Mà, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó." Mo ṣí i, mo fi síná, iná kékeré ara motherboard tàn. Mo pè wọ́n kí wọ́n wá wò ó.

Ní ìsàlẹ̀ igun motherboard, àwọn píìnì tín-tìn-tín kan wà níbẹ̀ ní ìlà méjì, tí wáyà wẹ́wẹ́ láti iwájú casing wọ̀ sí lórí. Orí ọ̀kan, wọ́n kọ PWR SW tàbí POWER SW sí. Mo yọ ọ́ kúrò. Píìnì méjì ló kù lábẹ́ rẹ̀. Mo mú súkúrúdíráfà kékeré, mo fi ẹnu rẹ̀ kan píìnì méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn kó tó wọlé, mo sì gbé e kúrò. Fáànù dún. Kọ̀ǹpútà tàn. Ìyá náà di orí mú.

Nítorí iṣẹ́ bọ́tìnì iwájú kò ju ìyẹn lọ: kó fẹnu ko píìnì méjì fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kó sì fi wọ́n sílẹ̀. Ike tó wà nínú bọ́tìnì tirẹ̀ ti kán, kò dé ibi tó yẹ kó dé mọ́. Mo mú wáyà bọ́tìnì RESET, mo fi sórí píìnì POWER. Láti ọjọ́ náà, RESET ni wọ́n ń tẹ̀ láti tan kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ wọn sì ń lọ.

Ẹ̀yin náà lè ṣe é. Píìnì méjì POWER nìkan ni kí súkúrúdíráfà kàn o. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ wo àwòrán motherboard yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: bọ́tìnì tó há sínú, tí kò jáde mọ́, á máa tan kọ̀ǹpútà, á sì máa pa á. Bí tiyín bá ń ta kìjí, ẹ yọ wáyà PWR SW kúrò kí ẹ fi súkúrúdíráfà tan án. Bí ó bá wá dúró, bọ́tìnì ni.

Orí wáyà méjì

Orí wáyà ńlá ẹlẹ́nu 24 lọ sínú motherboard, èyí kékeré ẹlẹ́nu 4 tàbí 8 sì lọ sí ẹ̀gbẹ́ processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tó wà lábẹ́ fáànù lórí motherboard). Ẹ yọ méjèèjì, ẹ tẹ̀ wọ́n padà títí ìkọ́ wọn yóò fi mú. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé láti Oǹdó wá sí Àkúrẹ́ nínú búùtù mọ́tò lè já wọn láìjẹ́ pé ohunkóhun bàjẹ́.

Ìdánwò power pack

Ẹ má tú power pack fúnra rẹ̀. Ẹ̀mí yín ni mo ń sọ. Capacitor ńlá inú rẹ̀ máa ń di iná tó ju 300 V lọ mú, kódà lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà. Láti ìta ni a ti ń dán an wò.

Ẹ yọ wáyà iná, ẹ yọ gbogbo orí wáyà power pack kúrò lára ohun tó wà nínú casing. Nínú orí ẹlẹ́nu 24, wáyà kan ṣoṣo ló ní àwọ̀ ewé. Dúdú pọ̀ níbẹ̀. Ẹ fi wáyà kékeré tàbí péépà klíìpù so àwọ̀ ewé pọ̀ mọ́ dúdú kan. Ẹ so fáànù casing tàbí hard disk àtijọ́ tí ẹ kò nílò mọ́ ọn, nítorí àwọn kan kì í jí bí wọn kò bá rí ẹrù kankan gbé. Ẹ wá dá wáyà iná padà. Bí fáànù rẹ̀ bá yí, ó ń mí. Bí kò bá yí rárá, ẹ lọ wá òmíràn.

Bó tilẹ̀ ń mí, ẹ fi mítà tó ń wọn vólítì wọ̀n ọ́n, dúdú mítà lórí wáyà dúdú. Yẹ́lò gbọ́dọ̀ wà láàárín 11.4 sí 12.6 V. Pupa, 4.75 sí 5.25 V. Àwọ̀ ọsàn, 3.14 sí 3.47 V. Wáyà àlùkò ni 5 V ìdúródè tí mo sọ lókè, òun sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kódà láìsí péépà klíìpù. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé power pack lè yege nínú èyí, kó sì wó nígbà tí processor bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa iná gidi. Fífi èyí tó dá yín lójú rọ́pò rẹ̀ fúngbà díẹ̀ ni ìdánwò tó parí ẹjọ́.

Ìkìlọ̀ kan: kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní orí ẹlẹ́nu 24. Dell OptiPlex bíi 3020, 7020 àti 9020 ní orí ẹlẹ́nu 8, àwọ̀ wáyà wọn kò sì bá èyí mu. Ẹ má fi péépà klíìpù dán ìyẹn wò láìmọ̀. Ọ̀pọ̀ OptiPlex ní bọ́tìnì ìdánwò kékeré lẹ́yìn power pack wọn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí wáyà iná wà níbẹ̀, bí iná àwọ̀ ewé bá tàn, ó ń ṣiṣẹ́.

Fún èyí tó ń ta kìjí

Nǹkan kan nínú rẹ̀ ló ń fa iná já, tí power pack sì ń sá fún un. Ẹ tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀: yọ hard disk, CD, káàdì, fáànù casing, kí ó ku motherboard, processor pẹ̀lú fáànù rẹ̀, àti RAM kan. Ẹ tan án. Bí ó bá dúró, ẹ máa dá ẹrù padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa tan án lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá pa á ni ẹ ń wá.

Ẹ wo ojú USB iwájú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ní business centre tí fláàṣì ń wọlé tó ń jáde láti àárọ̀ dé alẹ́, ahọ́n inú USB máa ń kán, irin rẹ̀ á tẹ̀, á kan ara wọn, gbogbo kọ̀ǹpútà á sì kọ̀. Ẹ kàn yọ wáyà USB iwájú kúrò lára motherboard. Mo ti rí àwọn tó ra power pack méjì nítorí ahọ́n USB kan.

Bí kò bá tíì dúró, ẹ gbé motherboard jáde sórí páálí gbígbẹ, ẹ tan án níbẹ̀. Bí ó bá tàn lórí páálí, nọ́ọ̀tì tó ti já bọ́ sábẹ́ rẹ̀ tàbí irin casing ló ń kàn án. Ẹ tún yọ bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ dá a padà. Bí mítà bá fi hàn pé ó ti lọ sílẹ̀ gan-an ju 3 V lọ, ẹ ra tuntun, owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀

Bí ògiri dára, tí wáyà dára, tí power pack tó dá yín lójú wà níbẹ̀, tí súkúrúdíráfà kan píìnì tí kò sì sí ìdáhùn, nígbà náà ni ẹ lè sọ pé motherboard tàbí processor ni. Processor kì í sábà kú. Fún ẹ̀rọ àtijọ́, èmi kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ra motherboard tuntun; odidi kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ló máa ń sàn jù.

Bó bá sì jẹ́ power pack lẹ fẹ́ rà, ẹ gbé e lọ́wọ́ wò. Èyí tuntun tí wọ́n kọ 500 W sí, tó sì fúyẹ́ bíi páálí bisikíìtì, èmi kò fọkàn tán an. Tòkunbọ̀ tó wúwo, tí wọ́n yọ lára kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́, ni mo máa mú. Lẹ́yìn tí ẹ bá fi sí i, nígbà tí iná bá lọ, ẹ yọ plug kúrò. Bó bá sì jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ ń lò, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí iná rẹ̀ fìdí múlẹ̀ kí ẹ tó fi kọ̀ǹpútà sí i.

Ní ti iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀: inú hard disk ló wà, hard disk kì í sì sábà bá motherboard kú. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló sábà máa ń dè é. Ẹ tú wọn, ẹ fa wáyà méjì ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ẹ fi wáyà SATA sí USB tó ní adapter iná tirẹ̀ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ da fáìlì yín kọ. Bí ojú kọ̀ǹpútà yẹn bá bi yín bóyá kó fọ́mátì rẹ̀, ẹ sọ pé rárá. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó gbé kọ̀ǹpútà lọ fún àtúnṣe níbikíbi, kí ẹ sì fi hard disk náà sílẹ̀ nílé.